Ihò tí mo lu sórí máíkírówéfù

Àárọ̀ Túsìdeè kan lọmọbìnrin náà gbé máíkírówéfù wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Èkótẹ̀dó n'Íbàdàn, ó gbé e lé kántà gbì, ó ń mí hẹlẹ, èmi ti ń wo dọ́ọ̀ rẹ̀ torí ibẹ̀ ló sábà máa ń ṣe wọ́n, àbí kó jẹ́ fíúùsì, mo ní kí ló ṣe é, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é o ẹ̀gbọ́n, tuntun ni, ihò ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi lu sí i lórí.

Mo wo Wàhéèdì ọmọṣẹ́ mi. Wàhéèdì náà wò mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ka ohun tí mò ń kọ síbí tipẹ́ mọ̀ pé ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń tún nǹkan oníná ṣe ládùúgbò Queen Cinema yìí. Mo ti tú máíkírówéfù tí eku bímọ sínú ẹ̀, mo ti tún èyí tẹ́nì kan fi ń gbẹ pátá ọmọ ṣe, mo ti nu èyí tí wọ́n se odindi ẹyin nínú ẹ̀ tó bú gbàù tí pupa ẹyin lẹ̀ mọ́ òkè bí ọ̀dà. Àmọ́ kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ dáadáa kẹ́nì kan wá ní kí n dá ihò sí i lórí, mi ò rírú ẹ̀ rí. Mo ní àbúrò, ṣé o mọ̀ pé ohun tó wà nínú àpótí yìí ò gbọdọ̀ jáde síta? Ó ní òun mọ̀, ìdí tóun fi wá ẹni tó mọṣẹ́ wá nìyẹn, òun ì bá ti gbé e lọ fún wẹ́dà. Ọ̀rọ̀ yẹn wú mi lórí díẹ̀, mi ò ní parọ́.

Másítà ló ń ṣe ní yunifásítì, ẹfinrin ni prọ́jẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ó fẹ́ yọ òróró inú ewé náà, òróró yẹn ló ń ta sánsán sí wa nímú tá a bá rún ewé ẹfinrin lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n kó ewé sínú ìgò pẹ̀lú omi, kí wọ́n gbé e ka iná, ooru á máa gòkè, á gba inú ìgò mìíì tí omi tútù yí ká kọjá, á di omi padà, òróró á wá léfòó sórí omi, wọ́n á rọra fà á kúrò. Ó ń ṣiṣẹ́ o, kò sẹ́ni tó ní kò ṣiṣẹ́, àmọ́ ó lè gbà tó wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin, ẹ sì mọ ìlú tá a wà, ta ló fẹ́ fún yín níná wákàtí mẹ́rin gbáko tí ò já? Tí wọ́n bá mú un lọ ní wákàtí kejì, ẹ dà á nù kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní èyí ti ṣẹlẹ̀ sóun nígbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Ó wá gbọ́ pé tó bá jẹ́ máíkírówéfù ni, kò ní tó wákàtí kan. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún láàbù wà, àmọ́ owó ẹ̀ á ra Micra mélòó kan kó tún ṣẹ́ kù, ló bá ní ká jẹ́ ká mánéèjì ti ilé ìdáná.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí yẹn, torí ojoojúmọ́ ni kọ́sítọ́mà ń sọ ìsọkúsọ fún mi nípa ẹ̀. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ magnetron, òun lọ̀gá, òun ló ń tu ìgbì jáde, ìbátan ìgbì rédíò àti ti Wi-Fi ni, agbára tibí ló kàn pọ̀ jọjọ. Ìgbì yìí ń yípo ní bílíọ̀nù 2.45 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Omi wá jẹ́ nǹkan kan tó ní orí tó ní ìdí, apá kan ẹ̀ fà sí pọ́sítíìfù, apá kan fà sí nẹ́gátíìfù, bí ìgbì bá yí síbí omi náà fẹ́ yí síbí, bó bá yí sọ́hùn-ún omi náà fẹ́ bá a lọ, wọn ò rí àyè yí dáadáa, wọ́n ń forí gbárí, wọ́n ń fara ha ara wọn, òun lẹ̀ ń rí tí oúnjẹ fi ń gbóná. Abọ́ tánńganran ò ní omi lára, ìyẹn ni ẹ̀wà ṣe lè máa hó kí etí abọ́ ṣì tutù. Tẹ́ ẹ bá ti ṣílẹ̀kùn, ìgbì ti tán nìyẹn, bí ìgbà tẹ́ ẹ pa gílóòbù, kò sí èyíkéyìí tó kù sínú oúnjẹ. (Ẹni tó kọ́kọ́ fura sí gbogbo èyí ni Percy Spencer, ará Amẹ́ríkà, lọ́dún 1945, ó ń bá rédà ṣiṣẹ́, ni súìtì tó wà lápò ẹ̀ bá yọ́. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tà, ní 1947, ga tó géńdé ọkùnrin, ó wúwo tó nǹkan bíi 340 kílò. Wàhéèdì ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n gbé irú ẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa.)

Àwọn èèyàn tún máa ń sọ pé inú ló ti ń se oúnjẹ bọ̀ wá síta. Irọ́ ni. Nínú nǹkan tó lómi lára, ìgbì yẹn ò wọlé ju bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ kó tó rẹ̀ ẹ́, ìyẹn ni àárín ẹ̀bà àná ṣe máa ń tutù rinrin tí etí ẹ̀ á sì ti le gbandi. Àmọ́ ewé ńkọ́? Ewé wo ló nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan? Ìgbì á wọ ewé látojú dé ẹ̀yìn, gbogbo omi ara ẹ̀ á gbóná lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá gbé ìkòkò àgbo kaná, iná á mú ìkòkò gbóná, ìkòkò á mú omi gbóná, omi á wá máa wọ ewé lára díẹ̀díẹ̀, ewé ló kẹ́yìn tó gbọ́. Nínú máíkírówéfù, ewé náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́. Omi inú ara ẹ̀ á hó, á fẹ́ di ooru, ooru á máa wá ọ̀nà, kò sọ́nà, ara ewé á wú, á ya. Àpò òróró wínníwínní ló sì wà lójú ewé ẹfinrin, ìwọ̀nyẹn á bẹ́, òróró á bá ooru gòkè. Wọn ò fipá fa nǹkan kan jáde, omi ara ewé ló ti í jáde fúnra ẹ̀.

Mo ní ṣé òun lẹni àkọ́kọ́ tó máa ro irú èyí ni, ó rẹ́rìn-ín, ó ní láti 1986 ni, ní Budapest nílẹ̀ Hungary, àwọn mẹ́ta kan, Ganzler, Salgó àti Valkó, máíkírówéfù inú ilé lásán ni wọ́n lò, wọ́n á tàn án díẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á tún tàn án, wọ́n fi ń yọ nǹkan inú irúgbìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹnì kan tó ń jẹ́ Paré ní Kánádà gba patent, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun téèyàn hùmọ̀, ní 1991, tiẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Ó rí i pé àwọn nǹkan olómi kan wà tí ìgbì yìí kì í rí rárá, bíi hexane tó jẹ́ ọmọ ìyá petírólù, ìgbì á gba inú ẹ̀ kọjá bí oòrùn ṣe ń gba inú gíláàsì wíńdò, kò ní gbóná. Tí wọ́n bá wá kó ewé tútù sínú ẹ̀, ewé nìkan lá gbóná nínú odò tútù, á bẹ́, ohun inú ẹ̀ á bọ́ sínú òtútù lójú ẹsẹ̀ kí iná tó bà á jẹ́. Ẹni tó ro ìyẹn gbọ́n, ó gbọ́n ju èmi lọ. Ní 2004, àwọn kan ní erékùṣù Réunion, Lucchesi, Chemat àti Smadja, kó basil, mint àti thyme tútù sínú ẹ̀rọ láìbu omi kankan sí i, basil yẹn náà mọ̀lẹ́bí ẹfinrin ni, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ṣe ohun tí iná lásán ń fi wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ṣe. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú! Tí àbúrò yìí dé orí ìyẹn ojú ẹ̀ ń dán, mo mọ̀ pé iná tó máa ń lọ ló ń rò.

Ó yá, ihò.

Gígùn ìgbì yìí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12.2. Ìdí nìyẹn tí irin oníhò wínníwínní ṣe wà lójú dọ́ọ̀, ìmọ́lẹ̀ kéré púpọ̀, ó ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀ ń rí oúnjẹ yín, àmọ́ ìgbì ti tóbi jù kò lè gbabẹ̀. Ihò tí ó ń fẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta kí ọrùn ìgò lè gba ibẹ̀ yọ, téèyàn bá kàn lu ìyẹn tó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìgbì á máa yọ́ jáde, ojú ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sì máa ń kọ́kọ́ bá jà. Wọ́n máa ń fi páìpù irin dé ojú ẹ̀ kó ga sókè. Páìpù tí inú ẹ̀ ò bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méje, ìgbì yìí ò lè rìn nínú ẹ̀, ńṣe lá máa kú lọ, bó bá ṣe gùn tó ni ìkú ẹ̀ ṣe dájú tó. Mo ní kí wẹ́dà gé ti sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá fún mi kó jó ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ mọ́ ọn nídìí. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ẹ̀rọ, mo pa iná kàpásítọ̀ ẹ̀ ná, ìyẹn ibi tó ń kó iná pa mọ́ sí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán an wò nílé, kódà tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ó ṣì lè ní fóltì tó ju 2,000 lọ nínú, mo mọ ẹni tó sọ ọ́ sílẹ̀ gbalaja.

A lu ihò, a dé páìpù, a gbé kọ́ọ̀pù omi síbẹ̀ torí wọn kì í tàn án lófìfo, mo mú mítà mi tó ń wọn ìgbì tó bá ń jò. Ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà ni mílíwáàtì 5 lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, kéèyàn dúró ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí ara ẹ̀rọ. Apá ọ̀tún dákẹ́. Ẹ̀yìn dákẹ́. Mo gbé e dé apá òsì ìdí páìpù, mítà figbe ta. Mo pa á. Mo tún nọ́ọ̀tì fún, mo tún tàn án, ó tún ké. Mo fẹ́ẹ̀ẹ́ sọ fún un pé kó máa gbé nǹkan ẹ̀ lọ, ni Wàhéèdì ní ọ̀gá, ṣé ẹ fá ọ̀dà abẹ́ ẹ̀? Háà. Ọ̀dà funfun tí wọ́n kùn sára àpótí ni ò jẹ́ kí irin kan irin, ìgbì ń gba àárín wọn jáde. A tú u, a fi sáńpépà fá a títí irin fi ń dán, a dì í padà, mítà dákẹ́ jẹ́. Mo ra Pepsi fún Wàhéèdì. Àbúrò yìí tún ní òun fẹ́ ki tẹmómítà oníwáyà gba inú páìpù wọlé, mo ní láyé! Páìpù yẹn ò jẹ́ kí ìgbì jáde torí kò sírin láàárín ẹ̀, tó o bá ki wáyà sí i, wáyà á gbé e jáde wá bá ẹ.

Ibi tí mo ti ràn án lọ́wọ́ jù kì í tiẹ̀ ṣe ihò. Ó fi ìwé ẹ̀ hàn mí, ó kọ síbẹ̀ pé 1,200 wáàtì lòun lò. Mo ní níbo lo ti rí i, ó ní ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ìyẹn ni iye tó ń fà nínú iná, kì í ṣe iye tó ń dé ara ewé. Mo ní ká bu omi lítà kan, ká wọn bó ṣe gbóná tó, ká tàn án fún ìṣẹ́jú kan, ká tún wọ̀n ọ́n, ká fi 70 sọ iye dígírì tó fi gòkè di púpọ̀. Ó ti 27 dé 37. Ìyẹn 700 wáàtì. Ó tún ní lọ́jọ́ kan òun yí i sí àárín, torí náà 350 nìyẹn. Mo ní rárá o, àfi tó bá jẹ́ onínfátà, irú èyí tó lè dín agbára ẹ̀ kù lóòótọ́, èyí tó o rà yìí ò mọ ohun tó ń jẹ́ àárín, ńṣe lá tan gbogbo 700, á pa á, á tún tan gbogbo ẹ̀, ewé tìẹ ń jẹ gbogbo ìyà lẹ́ẹ̀kan, ó ń sinmi, ó ń jẹ ẹ́ padà. Ká má tíì sọ ti iná ọ̀sán tó máa ń rẹ̀ sílẹ̀ tí fóltì á já sí 170, magnetron ò ní ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Ó káwọ́ lérí. Mo ní kó máa fi omi lítà kan dán an wò kó tó bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́, kó máa kọ fóltì sílẹ̀. Wọn ò kọ́ wọn níyẹn níbẹ̀ ni? Èmi ò mọ̀ o.

Ẹ̀yin míì tó ń ka èyí, mo mọ yín. Ẹ ti ń wo igi àti egbò tó wà nínú ìgò ògógóró yín pé ẹ ò bá kúkú gbé e sí máíkírówéfù dípò kó rẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má dán an wò. Ọtí máa ń gbóná níbẹ̀ dáadáa, ooru ẹ̀ á kún inú àpótí, iná kékeré kan tó bá ṣẹ́ ṣááṣá báyìí, ó parí. Kọ́sítọ́mà mi kan gbé tiẹ̀ wá lọ́dún tó kọjá, dọ́ọ̀ ti fò, inú ti dúdú, òórùn ọtí ṣì wà lára ẹ̀, ó ń sọ fún mi pé omi ìrẹsì ni. Àwọn tó ń fi ọtí ṣe é ní láàbù, ẹ̀rọ tó lè dá ooru ọtí dúró ni wọ́n ń lò, tó sì ń pa ara ẹ̀ tí nǹkan bá ti fẹ́ yíwọ́.

Nígbà tó yá ó mú òróró wá fi hàn mí, nínú ìgò kékeré bíi ti abẹ́rẹ́, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, kò tó ìdajì ṣíbí tíì kan, ewé ẹ̀ sì tó àpò kan. Mo gba díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, mo wọ Micra lọ bá ìyá mi ní Bódè lọ́jọ́ Fúráìdeè. Ewé àti egbò ni màmá mi ń tà níbẹ̀, látìgbà tí mi ò tíì mọ nǹkan kan. Mo ṣí ìdérí ẹ̀, wọ́n fà á símú, wọ́n ní ẹfinrin ńlá ni, kì í ṣe wẹ́wẹ́, ó ń rùn bí omi tí wọ́n fi ń fọ ẹnu. Òótọ́ ni o, thymol tó máa ń pọ̀ nínú ẹfinrin wa yìí ló wà nínú Listerine. Wọ́n ní ìgbà wo ni wọ́n já a? Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní kó lọ béèrè, ewé tí oòrùn ti pa kì í rùn bíi ti àárọ̀.

Mo wá ń ṣàlàyé pé ẹ̀rọ yìí yá ju iná lọ. Wọ́n ní Àkànní, ta ló lé e? Wọ́n ní ewé kan wà tí wọ́n ń sè, ewé kan wà tí wọ́n ń fún sómi tútù, òmíì omidún ni, òmíì ọtí, atalẹ̀ tó gbẹ kì í ṣe atalẹ̀ tútù, tó bá gbẹ ó ń ta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn náà bá ìwé mu, ohun tó ń ta nínú atalẹ̀ tútù, gingerol, ló máa ń yí padà di shogaol tí wọ́n bá sá a tàbí tí wọ́n fi iná sí i. Mo wá sọ ìtàn Tu Youyou fún wọn, obìnrin ará Ṣáínà tó ń wá oògùn ibà, wọ́n ń se ewé kan títí, kò jẹ́, àfi nígbà tó ka ìwé àtijọ́ Ge Hong, oníṣègùn ilẹ̀ Ṣáínà kan, níbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n rẹ ewé náà sómi kí wọ́n fún un mu, ó rí i pé iná ló ń bà á jẹ́, ó wá lo ether, nǹkan olómi kan tó máa ń hó ní nǹkan bíi dígírì 35 péré, ní 1971, ibẹ̀ ni artemisinin ti jáde, wọ́n fún un ní Nobel ní 2015.

Màmá mi ní ṣé wọ́n fún ẹni tó kọ ìwé àtijọ́ yẹn náà ní tiẹ̀?

Mo ní ó ti lé ní 1,600 ọdún tó ti kú.

Wọ́n ní ẹn-ẹ́n. Wọ́n wá gbé ìgò òróró yẹn sókè sí oòrùn, wọ́n ní omi tó kù ńkọ́? Mo ní omi wo? Wọ́n ní omi tí ewé hó nínú ẹ̀ nígbà tí ooru gòkè lọ, ìyẹn tó kù nísàlẹ̀ ìgò ńlá. Mo ní wọ́n dà á nù ni, òróró ló ń wá. Ojú tí wọ́n fi wò mí, ẹ ò bá rí i. Wọ́n ní ẹ da àgbo nù, ẹ wá gbé òórùn ẹ̀ wá fún mi.

Mo pe àbúrò yìí látinú ọjà níbẹ̀, mo tẹ sípíkà. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó wá ní Màmá, òótọ́ lẹ sọ o, nǹkan tí kì í bá ooru gòkè pọ̀ nínú ẹ̀, àwọn èròjà ara ewé bíi flavonoid àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ ló ń kù sí, òun ò kàn kọ ọ́ mọ́ iṣẹ́ òun ni. Màmá mi ní kó kọ ọ́ mọ́ ọn.

Ó ti kọ ọ́ mọ́ ọn. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ lánàá, ìgò méjìlá nínú fíríìjì láàbù, omi dúdú nínú wọn, ó fi pébà lẹ̀ wọ́n, ó kọ “Omi Màmá 1” dé “Omi Màmá 12”. Mo fi han màmá mi. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ṣé wọ́n máa kọ orúkọ òun sínú ìwé náà ni, àbí ó dìgbà tóun bá lo 1,600 ọdún ní sàréè.